Ẹ Bi Wá Léèrè: Iṣẹ́ Kan Náà, Owó Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ kú ojú lọ́nà o. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ni púpọ̀ nínú yín kọ lẹ́tà lé lórí lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin tí owó ẹ̀ kéré sí ti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, èèyàn dúdú tí owó ẹ̀ kéré sí ti òyìnbó. N ò lè tẹ gbogbo ẹ̀ jáde, mo ṣáà mú àwọn tí ìdáhùn wọn máa wúlò fún ẹlòmíì náà. Ohun tó hàn sí mi bí mo ṣe ń kà wọ́n lọ ni pé ọ̀pọ̀ yín ló jẹ́ pé ẹ ṣèèṣì rí i ni, kò sí ẹni tó pè yín jókòó sọ ọ́ fún yín. Tí àwa òṣìṣẹ́ bá ṣì ń fi iye tí à ń gbà pamọ́ fún ara wa bí ẹni fi àrùn pamọ́, ọ̀gá nìkan ló máa mọ ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ káàsán o. Iṣẹ́ akántáǹtì ni mò ń ṣe nílé-iṣẹ́ aládàáni kan ní Ìkẹjà, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti wà níbẹ̀, ₦240,000 ni wọ́n ń san fún mi lóṣù. Lọ́dún tó kọjá wọ́n gba bọ̀dá kan, ipò kan náà la wà, èmi gan-an ni mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lo sọ́fítíwíà tá a fi ń ṣe àkọsílẹ̀. Ọjọ́ kan ni wọ́n ní kí n bá àwọn wo péésílíìpù àwọn, pé owó orí tí wọ́n yọ kò yé àwọn, hàà, ₦300,000 ni mo rí níbẹ̀! Mo lọ bá HR wa, obìnrin bíi tèmi ni o, wọ́n ní ṣé mi ò mọ̀ pé olórí ilé ni bọ̀dá yẹn, wọ́n níyàwó wọ́n lọ́mọ, èmi ṣì ń gbé lọ́dọ̀ bàbá mi, kí ni mo fẹ́ fowó ṣe. Ṣé òfin kan wà tó lè gbè mí àbí kí n kàn dákẹ́ kí n máa wáṣẹ́ míì? (Àbúrò yín, Ìkẹjà)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má dákẹ́ o. Ìwáṣẹ́ míì náà ò burú, o lè máa ṣe méjèèjì pọ̀. Àmọ́ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá HR yín lóhùn. Owó oṣù, owó iṣẹ́ ni, kì í ṣe owó oúnjẹ ilé. Tó bá jẹ́ pé iye ẹnu tó ń jẹun nílé èèyàn ni wọ́n fi ń san án, opó tó ń dá tọ́ ọmọ mẹ́rin ló yẹ kó máa gbowó jù lọ́fíìsì yín, kí wọ́n lọ wò ó bóyá òun ni. Ìwọ tí wọ́n sì ní o wà lọ́dọ̀ bàbá ẹ, ṣé wọ́n bi ọ́ ẹni tó ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá náà? Ṣé wọ́n bi ọ́ ẹni tó ń san owó WAEC àbúrò? Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin tí ò tíì lọ́kọ ló ń gbé ilé ró nílẹ̀ wa, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, HR yín náà mọ̀ ọ́n.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé ₦60,000 ò tó nǹkan tí wọ́n ń jà sí. ₦720,000 ni lọ́dún. Tí ilé-iṣẹ́ bá wá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún owó gbogbo yín, tìẹ á di ₦264,000, ti bọ̀dá á di ₦330,000, àlàfo àárín yín ti di ₦66,000 nìyẹn láìjẹ́ pé ẹnì kan tún jókòó láti rẹ́ ẹ jẹ. Owó ìfẹ̀yìntì náà ńkọ́? Òfin pẹ́ńṣọ̀n ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá ó kéré tán ìdá mẹ́wàá, kí òṣìṣẹ́ máa dá ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, ara owó oṣù ni wọ́n ti ń ṣírò ẹ̀, torí náà ohun tí wọ́n fi dù ẹ́ lónìí á tẹ̀ lé ẹ dé ọjọ́ ogbó.

Òfin wà. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 17, sọ ọ́ kedere pé owó tó dọ́gba ni kó wà fún iṣẹ́ tó dọ́gba, kí wọ́n má wo ti akọ tàbí abo tàbí ohun mìíràn yòówù. Ibi tó ti ń dunni ni pé orí kejì ìwé òfin ni wọ́n kọ ọ́ sí, abala 6 sì ti sọ pé àwọn kóòtù ò ní máa gbọ́ ẹjọ́ lórí ohun tó wà ní orí kejì yẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ lọ́yà máa ń dúró tí wọ́n á ní kò sí nǹkan tá a lè ṣe. Èmi ò gbà pé ibẹ̀ ló parí sí. Àdéhùn nọ́ḿbà 100 tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe ní 1951, orí pé kí owó akọ àti abo dọ́gba náà ni wọ́n ṣe é lé, Nàìjíríà sì ti bọwọ́ lù ú láti 1974. Nígbà tí wọ́n wá ṣe àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin ní 2010, wọ́n fún National Industrial Court lágbára lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti lórí irú àdéhùn àgbáyé tí Nàìjíríà bá ti bọwọ́ lù. Abala 42 náà tún wà níbẹ̀ tó kọ ẹ̀tanú nítorí akọ tàbí abo. Lọ́yà tó bá mọṣẹ́ ẹ̀ máa mọ bó ṣe máa so wọ́n pọ̀.

Ṣùgbọ́n kó o tó dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, ìwé ni kó o kọ́kọ́ kó jọ. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ẹ, iṣẹ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé wàá máa ṣe àti èyí tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn náà, ìméèlì tí wọ́n fi ní kó o kọ́ bọ̀dá yẹn níṣẹ́ (má pa á rẹ́ o!), ọjọ́ tó o lọ bá HR àti ohun tí wọ́n sọ, kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà kọ lẹ́tà sí wọn, bèèrè ìlànà tí wọ́n fi ń gbé owó lé ipò tó o wà, kí wọ́n fi ìwé dá ẹ lóhùn. Má fi péésílíìpù bọ̀dá hàn láìgbàṣẹ lọ́wọ́ wọn, wọn ò ṣẹ̀ ẹ́, bá wọn sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dúró tì ẹ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ntírákítọ̀ ni mí n'Íbàdàn, ilé ni mò ń kọ́ fáwọn èèyàn. Tá a bá fẹ́ da dẹ́kì, mo máa ń gba lébírà lọ́kùnrin lóbìnrin. Mo máa ń fún àwọn obìnrin ní ₦1,500 dín sí ti ọkùnrin lójúmọ́, bí mo ṣe bá a nìyẹn, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì gbọ́ ọ, ó ní ìrẹ́jẹ gbáà ni mò ń ṣe, ó sì ń dùn mí látìgbà yẹn. Ṣé òótọ́ lọmọ yìí sọ? (Bàbá Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Òótọ́ ló sọ sà. Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín pé ẹ lè bèèrè, àwọn tó ń ṣe é tí wọn ò bèèrè ló pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ dẹ́kì tí ẹ mọ̀ jù mí lọ. Láàárọ̀ kùtù ni wọ́n ti tan ẹ́ńjìnnì tó ń po kọnkéré, kò sì gbọ́dọ̀ kú títí dẹ́kì á fi parí, torí ẹ ò fẹ́ kí ibì kan gan kí ibì kan ṣì tutù. Àwọn obìnrin á ti tò, òṣùká á wà lórí, wọ́n á gbé páànù lé wọn lórí, kọnkéré tútù tó ń ro tùlẹ̀ tùlẹ̀, wọ́n á gba orí pákó tí wọ́n kan ìgbátí mọ́ gòkè, wọ́n á dà á, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, páànù míì ti ń dúró. Òmíì pọn ọmọ. Ọkùnrin tí òun náà ń ru wà láàárín wọn, páànù kan náà, pákó kan náà, iye ìgbà kan náà. Nírọ̀lẹ́ ẹ wá ka owó, ẹ ka ti ọkùnrin yẹn tán, ẹ yọ ₦1,500 nínú ti obìnrin. Kí lẹ yọ ọ́ fún? Ẹ bi ara yín léèrè.

Tẹ́ ẹ bá ní ọkùnrin tó ń fi ṣọ́bìrì kó òkúta àti yanrìn sẹ́nu ẹ́ńjìnnì ń ṣe iṣẹ́ tó le jù, mo lè gbà. Kẹ́ ẹ pè é ní owó ṣọ́bìrì nígbà náà, kẹ́ ẹ pe èyí ní owó rírù, kí ọkùnrin tó ń rù gba owó rírù, kí obìnrin tó bá lè mú ṣọ́bìrì gba owó ṣọ́bìrì. Àti pé kẹ́ ẹ tó ní rírù kéré, ẹ rò ó wò ná, tí àwọn aláàrù ò bá gòkè, kí ni ẹni tó ń po ń po fún?

Irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló dá ìjà sílẹ̀ nílùú òyìnbó ní 1968. Ilé-iṣẹ́ Ford tó ń ṣe mọ́tò ní Dagenham, ìlà oòrùn London, ní àwọn obìnrin tó ń fi ẹ̀rọ rán aṣọ ìjókòó mọ́tò, 187 ni wọ́n. Wọ́n ka iṣẹ́ wọn sí iṣẹ́ tí kò gba ọgbọ́n, wọ́n sì ń san ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọkùnrin tó wà ní ipele kan náà fún wọn. Ẹni tó bá ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rí mọ̀ bóyá ó gba ọgbọ́n àbí kò gbà. Wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mọ́tò ò lè jáde nílé-iṣẹ́ torí mọ́tò tí ò níjòókòó kì í ṣe mọ́tò. Barbara Castle, mínísítà ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nígbà yẹn, pè wọ́n sọ́fíìsì ẹ̀, wọ́n bu owó lé e títí dé ìdá 92, òfin owó dídọ́gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì jáde ní 1970. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbà pé iṣẹ́ ìránṣọ yẹn gba ọgbọ́n, kí wọ́n tó gbé e sí ipele tó yẹ ẹ́, ó di 1984, lẹ́yìn tí wọ́n tún daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ọdún mẹ́rìndínlógún!

Ti owó náà nìyí, sà. Ká ní obìnrin mẹ́wàá lẹ gbà lọ́jọ́ dẹ́kì, ₦15,000 lẹ yọ lára wọn. Mo mọ̀ pé nínú èsìtíméètì tí ẹ fún onílé, ẹ ò dín owó lébírà kù níbẹ̀ torí pé obìnrin ló rù ú. Ẹ san án fún wọn, ẹ sì kí ọmọ yín fún wa.

Ìbéèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà kí n tó wá sí UK ní 2021. Nígbà tí mo dé, Band 5 nínú ipele owó NHS (àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ibí) ni wọ́n fi mí sí, ìsàlẹ̀ pátápátá, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ìwé. Títí di báyìí ibẹ̀ náà ni mo wà. Òyìnbó kan tí mo kọ́ níṣẹ́ lórí wọ́ọ̀dù ti di Band 6. Mo ti lọ fún íńtáfíù lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní mo ṣe dáadáa, wọn ò ní mú mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n pẹjọ́ owó dídọ́gba. Ẹ̀rù físà ń bà mí. (Nọ́ọ̀sì, Leeds)

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun mà, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rẹ́ yín fẹ́ran yín, ṣùgbọ́n ẹjọ́ owó dídọ́gba kọ́ lẹ máa pè. Nínú òfin UK, Equality Act ti 2010, ohun tí wọ́n ń pè ní owó dídọ́gba wà fún obìnrin tó fi ara ẹ̀ wé ọkùnrin, tàbí ọkùnrin tó fi ara ẹ̀ wé obìnrin. Ẹ rántí Samira Ahmed tó ń ṣe ètò Newswatch ní BBC, £440 ni wọ́n ń san fún un lórí ètò kan, wọ́n ń san £3,000 fún Jeremy Vine lórí Points of View, ètò méjèèjì ò sì yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó borí ní kóòtù òṣìṣẹ́ ní January 2020. Tiyín, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni, ẹ̀tanú nítorí àwọ̀ lẹ máa pè é, inú òfin kan náà ló wà ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀ yàtọ̀, ọjọ́ ẹ̀ sì kúrú. Ẹjọ́ owó dídọ́gba, èèyàn lè pè é títí di oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tó bá fibi iṣẹ́ sílẹ̀. Ti ẹ̀tanú, oṣù mẹ́ta ó dín ọjọ́ kan ni wọ́n ti ń kà á láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀, wọ́n ti ń ṣètò láti sọ ọ́ di oṣù mẹ́fà, ẹ pe Acas, àjọ tó ń bá òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ làjà, kẹ́ ẹ bèèrè èyí tó bá tiyín mu kí ọjọ́ má baà kọjá lórí yín. Ọ̀fẹ́ ni Acas, ọ̀dọ̀ wọn náà lèèyàn gbọ́dọ̀ gbà kó tó dé kóòtù.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí dáadáa. Ní NHS, látìgbà tí wọ́n ti gbé ètò Agenda for Change kalẹ̀ ní 2004, band kan, owó kan ni, ẹni dúdú àti ẹni funfun tó wà lórí àtẹ̀gùn kan náà ń gba owó kan náà. Ẹni tó bá kàn wo tábìlì owó yẹn á ní kò sí ìrẹ́jẹ. Ibi tí ìrẹ́jẹ sápamọ́ sí ni orí àtẹ̀gùn tí wọ́n ní kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀, àti ẹni tí wọ́n mú lọ sókè nígbà tí ààyè ṣí. Ọdún mọ́kànlá yín, ta ló kà á? Ẹ kọ̀wé sí HR, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìlànà tí wọ́n fi ń ka ìrírí iṣẹ́ tí èèyàn ní nílẹ̀ òkèèrè, kẹ́ ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ilé ìwòsàn yín àtijọ́ tó sọ ọdún tẹ́ ẹ lò àti wọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́. Ti íńtáfíù méjèèjì, ẹ bèèrè máàkì tí wọ́n fún yín, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ fún yín.

Nǹkan míì tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wa ò mọ̀: láti 2015 ni àwọn ilé ìwòsàn NHS ti ń gbé ìròyìn kan jáde lọ́dọọdún tí wọ́n ń pè ní WRES, ó máa ń sọ bí ẹni funfun tó dé orí ìwé íńtáfíù ṣe ń rí iṣẹ́ gbà sí ẹni tí kì í ṣe funfun. Ẹ wá ti ilé ìwòsàn yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ mú un dání tẹ́ ẹ bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, ọwọ́ wọn ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ti ẹ̀rù físà, mi ò ní kẹ́ ẹ má bẹ̀rù torí mo mọ ohun tó wà nídìí ẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ tó sì jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ yẹn ló ń gbé físà ẹ̀ dúró, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún un láti wá ẹlòmíì tó máa gbé e. Ṣùgbọ́n òfin 2010 yẹn náà, abala 27, kọ̀ fún wọn láti fìyà jẹ ẹni tó bá fẹ̀sùn ẹ̀tanú kàn wọ́n. Ẹ má dá nìkan jà, ẹ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, RCN tàbí UNISON, kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ báyìí, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹgbẹ́ kì í gbèjà ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀yìn tí ọ̀rọ̀ ti bẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá forúkọ sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ má bínú sí mi o, ṣé kì í ṣe pé àwọn obìnrin máa ń gba lífù ìbímọ, tọ́mọ bá ń ṣàìsàn wọ́n á tún gbàyè, ni owó wọn ṣe kéré? (Ọkùnrin, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Mi ò bínú. Òfin iṣẹ́ wa ní ọ̀sẹ̀ méjìlá ni lífù ìbímọ, obìnrin tó bá sì ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n san ó kéré tán ìdajì owó ẹ̀ fún un. Ẹ wò ó, nílé-iṣẹ́ tí ò bá ṣe ju ohun tí òfin sọ lọ, ó ti pàdánù ìdajì owó fún ọ̀sẹ̀ méjìlá yẹn. Kí ló wá dé tí wọ́n á tún máa yọ owó ẹ̀ ní ọdún tí kò bímọ, tàbí lára ọmọbìnrin tí kò tíì bímọ rí bíi ti àbúrò wa ní Ìkẹjà lókè yẹn? Claudia Goldin, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé ní 2023, fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ọ̀rọ̀ yìí, ó sì rí i pé lóde òní, àkọ́bí ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àlàfo owó tó wà láàárín ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ọmọ yẹn sì ní bàbá. Tí bàbá náà bá ń gbàyè lọ sílé ìwòsàn tọ́mọ bá ń ṣàìsàn, ìbéèrè yín á yí padà.

Ìbéèrè: Houston ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ìṣègùn kan, wọ́n fura pé owó àwọn kéré sí ti àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ wà. Máníjà wọn ti wá ní ẹnikẹ́ni tó bá bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ owó oṣù, lílé ni. Ṣé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀? (Bàbá Táyé, Texas)

Ìdáhùn: Tí ìyàwó yín kì í bá ṣe ọ̀gá tó ń darí àwọn ẹlòmíì níbi iṣẹ́ aládàáni yẹn, máníjà yẹn ò lẹ́tọ̀ọ́. Òfin National Labor Relations Act ti 1935 ló fún òṣìṣẹ́ láyè láti bá ara wọn sọ̀rọ̀ owó àti bí iṣẹ́ ṣe rí. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún báyìí, síbẹ̀ àwọn máníjà ṣì ń fi ìhàlẹ̀ yẹn pa àwọn èèyàn lẹ́nu mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Obìnrin òyìnbó kan wà tó ń jẹ́ Lilly Ledbetter, ilé-iṣẹ́ táyà Goodyear ní Gadsden, Alabama ló ti ń ṣiṣẹ́ láti 1979. Wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ iye tó ń gbà. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ogún ọdún níbẹ̀ kí ẹnì kan tí kò kọ orúkọ tó fi ìwé pélébé kan sí àpótí lẹ́tà ẹ̀ níbi iṣẹ́, iye owó òun àti tàwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ jẹ́ máníjà ló wà níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé kóòtù ó hàn pé ní ìparí 1997, $3,727 ni wọ́n ń san fún un lóṣù, ọkùnrin tí owó ẹ̀ kéré jù nínú wọn ń gba $4,286, èyí tó pọ̀ jù ń gba $5,236. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ Amẹ́ríkà dá a lẹ́bi ní 2007, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin, wọ́n ní àárín 180 ọjọ́ tí wọ́n pinnu owó ẹ̀ ló yẹ kó ti fẹjọ́ sùn. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fẹjọ́ ohun tí wọn ò jẹ́ kó mọ̀ sùn? Ìbínú ọ̀rọ̀ yẹn ló bí òfin tí Obama bọwọ́ lù ní January 29, 2009, orúkọ obìnrin náà ni wọ́n fi pè é, òun ló sọ pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá san owó tí ẹ̀tanú wà nínú ẹ̀, ọjọ́ tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ ò rí kọ́bọ̀ gbà títí ó fi kú ní 2024.

Torí náà kí ìyàwó yín bèèrè, lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n finú tán, kí àwọn náà sọ tiwọn. Tí wọ́n bá rí i pé àlàfo wà, kí wọ́n lọ sí EEOC, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ẹ̀tanú níbi iṣẹ́, 180 ọjọ́ ni wọ́n ní láti fẹjọ́ sùn, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ó tó 300, kí wọ́n má ka 300 yẹn lé, kí wọ́n tètè lọ. Kí wọ́n sì wo ìkéde iṣẹ́ ní Colorado àti New York lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, òfin ibẹ̀ ní kí wọ́n máa kọ iye owó sára ìkéde, wọ́n á rí iye tí irú iṣẹ́ wọn ń pa.

Ìbéèrè: Ẹnjiníà ni mí nílé-iṣẹ́ kan ní Àgbárá. Òyìnbó tí wọ́n mú wá ṣe ọ̀gá lórí ẹ̀rọ wa, èmi ni mò ń tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe. Dọ́là ni wọ́n fi ń san tiẹ̀, ilé, mọ́tò, dírẹ́bà. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn títí ayé? (Ẹnjiníà, Àgbárá)

Ìdáhùn: Ó ti pẹ́ tó ti ń rí bẹ́ẹ̀, àbúrò mi. Nígbà ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ipò àgbà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ti òyìnbó ni, owó tiẹ̀ lọ́tọ̀, ilé tiẹ̀ lọ́tọ̀ ní GRA, lífù tiẹ̀ pẹ̀lú owó ọkọ̀ òkun. Nígbà ogun Hitler tí ọjà wọ́n gógó, àwọn òyìnbó rí àláwáǹsì gbà, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ dúdú máa ní sùúrù. June 1945 ni sùúrù tán. Michael Imoudu, aṣáájú òṣìṣẹ́ rélùwéè, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi tí ìjọba lé e lọ, wà lára àwọn tó síwájú, rélùwéè dúró, pósófíìsì dúró, ó lé lóṣù kan. Ohun tí wọ́n bèèrè kò pọ̀, ṣílè méjì àti sísì lójúmọ́ fún lébírà, kí wọ́n sì fi ìdajì kún owó àláwáǹsì. Lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ Tudor Davies jókòó, wọ́n gbà pé kí wọ́n fi ìdajì yẹn kún un.

Tìẹ, mi ò ní sọ pé kó o lọ da rélùwéè dúró. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ nìyí: ilé-iṣẹ́ tó bá mú òyìnbó wá gbọ́dọ̀ ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé, ìlànà ìwé àṣẹ yẹn sì ni pé kí wọ́n fi ọmọ Nàìjíríà méjì sábẹ́ ẹ̀ tí á máa kọ́ iṣẹ́ náà, tí wọ́n á gbà á tí ọjọ́ ẹ̀ bá pé. Orúkọ àwọn méjèèjì máa ń wà nínú ìròyìn tí ilé-iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ sí Immigration. Kọ̀wé bèèrè lọ́wọ́ HR bóyá orúkọ ẹ wà níbẹ̀. Tó bá wà níbẹ̀, ipò ẹni tó ń múra láti gba iṣẹ́ òyìnbó yẹn lo wà, ó sì yẹ kí owó ẹ fi hàn. Tí kò bá sí, tó o sì bá orúkọ ẹlòmíì tí kì í sún mọ́ ẹ̀rọ yẹn rárá níbẹ̀, kọ èyí náà sílẹ̀, kó o mú un lọ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín.